Ṣé Aṣọ Ọmọ Ni, Àbí Àwọ̀ Ara Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 15 lóṣù tó kọjá. Lọ́ńdọ̀nù la bí i sí, ibẹ̀ náà la ń gbé. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí ọlọ́pàá méjì dá a dúró. Wọ́n tú àpò rẹ̀, wọ́n fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ lára wò látòkè délẹ̀, wọn ò bá nǹkan kan. Húùdì dúdú ló wọ̀, ó sì fa fìlà rẹ̀ borí torí òjò. Ọkọ mi ní ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló fà á, pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ó sì ti kó gbogbo húùdì tó wà nílé pamọ́. Ọmọ ò bá wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ó ní ẹ̀yìn ọlọ́pàá la wà. Èmi ò mọ ibi tí mo wà mọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ta ló jẹ̀bi nínú wa?

* * *

Ibi tí mo kọ́kọ́ dúró lé nínú ọ̀rọ̀ yín ni "torí òjò". Òjò ń rọ̀, ọmọ fa fìlà aṣọ rẹ̀ borí. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rán fìlà mọ́ ọn nìyẹn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Champion ní Amẹ́ríkà ń rán irú aṣọ yìí láàárín ọdún 1930 sí 1939, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù àtàwọn eléré ìdárayá ni wọ́n ń rán an fún. Bó ṣe yẹ kí wọ́n lò ó ni ọmọ yín ṣe lò ó. Ọlọ́pàá ló ka nǹkan mìíràn sí i.

Ẹ̀rù tó ń bà yín, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni torí rẹ̀. Mi ò tíì rí ìyá tó ń tọ́ ọmọkùnrin dúdú nílùú yìí tí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kì í bà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù lọ́tọ̀, ẹ̀bi lọ́tọ̀. Ká ní ohun tí bàbá rẹ̀ sọ ni pé, "Ọmọ mi, ọkàn mi ò balẹ̀, bá mi fi húùdì yẹn sílẹ̀ lálẹ́ yìí," mi ò ní bá a jiyàn. Ó ní ọmọ ló fà á. Ibẹ̀ ni mi ò ti lè bá a lọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́mọ ọdún 17 nígbà tí wọ́n dá a dúró lọ́nà ibùdókọ̀ ojú irin. Ìsìnkú la ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Kóòtù dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì, bàtà dídán ló wọ̀. Ọlọ́pàá ní ó jọ ẹnìkan tí àwọn ń wá. Ọmọ náà béèrè pé kí ni ẹni tí wọ́n ń wá wọ̀. Wọ́n ní húùdì.

* * *

Èsì tó ń wọlé jù látọ̀dọ̀ àwọn òǹkàwé ni èyí: "Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n pe òun lólè, kó yé wọ aṣọ olè." Ó ju èèyàn mẹ́rin lọ tó sọ ọ́, bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ló yàtọ̀ síra. Mo fẹ́ kẹ́nìkan sọ fún mi bí aṣọ olè ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọdún kan ṣoṣo, 2012. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì, nílùú Sanford ní Florida, Trayvon Martin, ọmọ ọdún 17, ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Súwíìtì Skittles àti ohun mímu ló rà. Òjò ń rọ̀, ó fa fìlà húùdì rẹ̀ borí. George Zimmerman, tó ń ṣọ́ àdúgbò, pe ọlọ́pàá pé òun rí ẹnìkan tí ìṣe rẹ̀ ò mọ́ òun lójú. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi yìnbọn pa ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ náà ò ní ohun ìjà kankan lọ́wọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2013, àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ní Zimmerman ò jẹ̀bi.

Kí wọ́n tó dé ilé ẹjọ́ rárá, Geraldo Rivera, oníròyìn tó lókìkí, ti bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní ẹ̀bi tó wà lọ́rùn húùdì nínú ikú ọmọ yẹn tó èyí tó wà lọ́rùn ẹni tó yìnbọn. Ó padà tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Láti ìgbà yẹn, ó ti di ohun tí àwa òbí gan-an ń sọ fún ọmọ wa nínú yàrá.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, Mark Zuckerberg, ẹni tó dá Facebook sílẹ̀, lọ bá àwọn olówó ní New York kí wọ́n wá ra ìpín nínú Facebook. Húùdì ló wọ̀ lọ. Àwọn kan kùn sí i lóòótọ́. Kí ni wọ́n sọ? Pé kò tíì gbọ́n tán, pé ó rí àwọn olówó fín. Kò sẹ́ni tó ní ó jọ olè. Kò sẹ́ni tó pe ọlọ́pàá. Wọ́n kó owó fún un.

Kò pé oṣù mẹ́ta tó wà láàárín méjèèjì. Aṣọ kan náà ni. Ẹ sọ fún mi ohun tó yàtọ̀.

* * *

Ẹnìkan bínú sí mi níbi tí mo parí ọ̀rọ̀ sí. Ó ní, "Ẹ̀dùn ọkàn lẹ fi ń sọ̀rọ̀. Ibi tí ìwà ọ̀daràn bá pọ̀ sí ni ọlọ́pàá ń lọ, ẹni tó bá sì jọ ọ̀daràn ni wọ́n ń yẹ̀ wò."

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀dùn ọkàn sílẹ̀. Ní New York, ọlọ́pàá dá èèyàn dúró lójú pópó ní ìgbà tó lé ní 685,000 lọ́dún 2011 nìkan. Nínú 100, nǹkan bí 88 ló lọ láìsí pé wọ́n mú wọn tàbí pé wọ́n fún wọn níwèé ẹjọ́ kankan. Fọ́ọ̀mù kan wà tí ọlọ́pàá máa ń kọ lẹ́yìn ìgbà tó bá dá èèyàn dúró, UF-250 ni wọ́n ń pè é. Àwọn àpótí kéékèèké wà lórí rẹ̀ tí wọ́n á fi àmì sí láti sọ ìdí. Ọ̀kan ni pé onítọ̀hún wọ irú aṣọ tí ọ̀daràn sábà ń wọ̀. Òmíràn ni pé ó ń ṣe kọ́lọ́kọ́lọ́. Ẹ fojú inú wo ohun tí èèyàn lè fi irú àpótí bẹ́ẹ̀ ṣe. Jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, fìlà, ọwọ́ nínú àpò, ọmọ tó wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan nítorí pé ó gbọ́ ìró mọ́tò, àpótí wà fún gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, Adájọ́ Shira Scheindlin dájọ́ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lòdì sí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004 sí àárín 2012, ìgbà mílíọ̀nù 4.4 ni wọ́n ti dá èèyàn dúró, ó sì lé ní 80 nínú 100 tó jẹ́ èèyàn dúdú tàbí ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Spéènì. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹni tó bínú sí mi kà dáadáa nìyí: nínú àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n dá dúró, ohun ìjà jáde lára ẹnìkan nínú 100. Nínú àwọn òyìnbó, ó jẹ́ 1.4 nínú 100. Tó bá jẹ́ pé ọ̀daràn ni ojú ọlọ́pàá ń rí lára aṣọ, kí ló dé tó fi jẹ́ pé lára ẹni tí wọn kì í sábà fura sí ni wọ́n ti ń bá ohun ìjà jù?

* * *

Kí n má bàa dà bí ẹni tó ń nawọ́ sí ọlọ́pàá nìkan.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lálẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ń bọ̀ níwájú, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, gbogbo wọn fa fìlà húùdì borí. Mo gbá àpò mi mọ́ra, mo sọdá sí òdìkejì títì. Bí a ṣe fẹ́ kọjá ara wa, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ kú alẹ́, Àǹtí." Ọmọ aládùúgbò mi ni. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń rá.

Ó rí i pé mo sọdá. Kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, tó bá ti rí mi lókèèrè, á kọ́kọ́ ṣí fìlà kúrò lórí kó tó sún mọ́ mi. Nínú òtútù, nínú òjò, á ṣí i. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó máà ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, á ní kò sí wàhálà, á tún ṣe é lọ́jọ́ mìíràn. Mo gbé ẹ̀rù mi lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, ó sì gbà á rù.

* * *

Bàbá kan ní òwe Yorùbá ni mò ń bá jà, pé àwọn baba wa ti sọ ọ́ parí: ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

Mi ò bá òwe jà, sà. Mo ń bá ibi tí ẹ gbé e sí jà ni. Òwe yẹn ń sọ bí ayé ṣe ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ jáde nílé. Kò fún ẹni tó jókòó sójú ọ̀nà láṣẹ pé kó máa fi aṣọ dájọ́. Àwọn baba kan náà ló sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá. Ohun tó sì mú kí ìrínisí jẹ́ òótọ́ ni pé tí o bá pààrọ̀ ìmúra, ó yẹ kí bí wọ́n ṣe ń bá ẹ sọ̀rọ̀ náà yí padà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pààrọ̀ ìmúra. Èmi fúnra mi, mo ti wọ aṣọ iṣẹ́ wọ ilé ìtajà ńlá kan, pẹ̀lú káàdì iṣẹ́ lọ́rùn, tí ẹ̀ṣọ́ wọn tẹ̀ lé mi láti ibi bàtà dé ibi ohun ọ̀ṣọ́, tó dúró nígbà tí mo dúró. Tí aṣọ bá yí tí ọ̀rọ̀ ò yí, kì í ṣe aṣọ ni wọ́n ń wò.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan tún wọlé tó mú kí n rìn jìnnà díẹ̀. Ẹnìkan ní àwọn ọmọ ìwòyí ló fọwọ́ ara wọn ba orúkọ aṣọ wọn jẹ́, pé láyé àtijọ́ ọ̀dọ́ a máa múra bí ọmọlúàbí, kò sì sẹ́ni tó ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Los Angeles, oṣù Kẹfà ọdún 1943. Aṣọ tó gbòde láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí òbí wọn wá láti Mẹ́síkò ni zoot suit. Kóòtù rẹ̀ gùn dé orúnkún, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ lókè ó wá fún lọ́rùn ẹsẹ̀. Wọ́n á fi fìlà tó bá a mu sí i, bàtà á máa dán. Ìmúra ni, ìmúra tòótọ́. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ nígbà náà, ìjọba sì ti dín aṣọ onírun àgùntàn tí wọ́n lè lò kù, àwọn èèyàn wá ń sọ pé ẹni tó bá wọ irú kóòtù gbọ̀ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn orílẹ̀-èdè. Àwọn sójà orí omi tó wà nílùú dìde, wọ́n ń wọ inú bọ́ọ̀sì àti ilé sinimá lọ fa àwọn ọmọ náà jáde, wọ́n ń lù wọ́n, wọ́n ń bọ́ aṣọ lára wọn lójú pópó. Wọ́n lu àwọn ọmọ dúdú àti ọmọ Filipíìnì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ ìyà náà ni ọlọ́pàá tún kó lọ sí àtìmọ́lé. Ìgbìmọ̀ ìlú jókòó, ohun tí wọ́n sì fẹnu kò lé lórí ni pé kí wọ́n fòfin de aṣọ náà.

Kóòtù rèé o, kì í ṣe húùdì. Kóòtù, fìlà, bàtà dídán. Ohun tí ẹ ní kí àwọn ọmọ wa wọ̀ kí wọ́n lè bọ́, òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ lu àwọn ọmọ yẹn ní 1943. Ní 2005, ilé ìtajà Bluewater ní Kent, tí kò jìnnà sí wa níbí, wá fòfin de húùdì àti fìlà bésìbọ́ọ̀lù, olórí ìjọba ìgbà náà, Tony Blair, sì tì wọ́n lẹ́yìn. Aṣọ ń pààrọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń fura sí ni kì í pààrọ̀.

* * *

"Ṣòkòtò tó ń jábọ́ ńkọ́? Ṣé ẹ máa gbe ìyẹn náà?"

Rárá, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Tí ọmọ mi bá sọ ṣòkòtò sísàlẹ̀ ìdí, màá ní kó fà á sókè, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà láàárín èmi àti ọmọ mi nìyẹn. Mo ní ẹ̀tọ́ láti bá a wí torí pé tèmi ni, mo mọ̀ ọ́n, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe olè. Ọlọ́pàá ò mọ̀ ọ́n.

Ìlú Opa-locka wà ní Florida, èèyàn dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 2007 wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ṣòkòtò sísàlẹ̀. Ìgbà tó di 2020, wọ́n pa òfin náà rẹ́. Mo gbà pé àwọn àgbà tó ṣe é fẹ́ràn àwọn ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n irú òfin bẹ́ẹ̀ ń fún ọlọ́pàá ní ìdí tuntun láti dá ọmọ dúró, wọ́n sì ti ní ìdí tó pọ̀ tó tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí.

* * *

Màmá padà wá. Ó ní ọkọ òun ti ka gbogbo rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti dá húùdì méjì padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọmọ. Ó béèrè ohun méjì: kí ni kí wọ́n sọ fún un báyìí, àti pé ṣé ohun kan wà tí wọ́n lè ṣe nípa ti ọjọ́ Ẹtì?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ bá mi kí bàbá náà.

Ẹ sọ òótọ́ fún un. Ẹ sọ pé ẹ̀rù ló ba yín, pé ẹ ṣi ẹ̀bi gbé. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ojú tí àwọn àjèjì fi ń wò ó kì í ṣe ojú ọmọ ọdún 15. Ìwádìí kan jáde ní 2014, Phillip Atiba Goff ló ṣáájú àwọn tó ṣe é ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé láti bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, àwọn èèyàn kì í ka ọmọkùnrin dúdú sí ọmọdé tó bí wọ́n ṣe ń ka àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí. Tí wọ́n bá sì fi ẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá kàn án, wọ́n máa ń fi ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ kún ọjọ́ orí rẹ̀. Lójú ọlọ́pàá méjèèjì yẹn, ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín ti fẹ́ pé 20.

Èmi kì í sọ fún àwọn ọmọ ẹbí mi pé kí wọ́n wọ ohun tó wù wọ́n kí wọ́n má wo ẹ̀yìn. Àwọn kan ti gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ó dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ tiwọn ló máa dúró níwájú ọlọ́pàá lálẹ́. Ohun tí mò ń sọ fún wọn ni pé kí ọwọ́ wọn hàn síta, kí wọ́n má sáré, kí ohùn wọn rọlẹ̀, kí wọ́n sì mọ ohun tó tọ́ sí wọn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ìlànà tó de ọlọ́pàá sọ pé àwọ̀ ara tàbí ìrísí nìkan ò tó ìdí láti fura sí ẹnikẹ́ni, àfi tó bá bá àpèjúwe ẹni tí wọ́n ń wá mu. Aṣọ lè di ìdí tí ìròyìn tó ṣeé gbára lé bá wà pé ẹgbẹ́ kan tó máa ń gbé ọ̀bẹ máa ń wọ irú aṣọ pàtó bẹ́ẹ̀. Húùdì dúdú tí ìdajì ìlú ń wọ̀ ò sí nínú ìyẹn. Òfin kan wà lọ́tọ̀, Section 60, tó máa ń jẹ́ kí wọ́n yẹ èèyàn wò láìsí ìfura ní àdúgbò kan fún àkókò pàtó kan. Torí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ọmọ béèrè ni pé òfin wo ni wọ́n fi dá òun dúró, kí sì ni wọ́n ń wá. Kò pọn dandan kó sọ orúkọ tàbí àdírẹ́sì rẹ̀ nítorí pé wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òun ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ tiwọn: orúkọ ọlọ́pàá, àgọ́ tó ti wá, ìdí tó fi dá a dúró.

Ní ti ọjọ́ Ẹtì, ó yẹ kí àkọsílẹ̀ wà. Ọmọ yín lè béèrè ẹ̀dà rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jókòó tì í, òun àti bàbá rẹ̀. Kó kọ déètì, aago, orúkọ títì, ohun tí wọ́n sọ, ohun tí òun wọ̀, àti pé òjò ń rọ̀. Ẹ má bá a kọ ọ́, ẹ kàn bá a wo ṣípẹ́lì. Tí ìwé náà bá dé, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ìdí sí. Tó bá jẹ́ aṣọ ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ padà wá, màá bá yín kọ ìwé ẹ̀sùn tó kàn.